Lẹ́tà Mẹ́tàlélógún fún Garland Rideout

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Selina Drodge fi jókòó sẹ́yìn fèrèsé lẹ́tà, ìyẹn ilé ìfìwéránṣẹ́ wa, ní Sculpin Bight kí Garland Rideout tó sọ ọ́ di ẹni ẹ̀sín. Bí ẹ bá ti bi wá léèrè nípa rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tí a ó sọ kò ní kún àtẹ́lẹwọ́: opó ni, kò bímọ, tàdáwà òǹtẹ̀ kì í tán lórí àtàǹpàkò rẹ̀, kò sì ṣòfófó rí. Ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò kọ̀wé sí láti ọdún tó kọjá. Ó mọ ẹni tí lẹ́tà ilé ìwòsàn ń wá fún léraléra. Ṣùgbọ́n bí o bá dé iwájú fèrèsé rẹ̀, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ òkun àti ti ẹja ni yóò bá ọ sọ. Ìlú wa létí òkun Newfoundland kò ju ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn lọ, gbogbo àgbàlagbà ibẹ̀ ló sì jẹ́ àǹtí tàbí ọ́ńkù fún ẹni tí wọ́n bá jù lọ, wọn ì báà má tan.

Garland, ọmọ Àǹtí Effie, ilé kẹta sí ti Selina ni wọ́n bí i sí. Ó kúrò nílùú ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo ní Alberta, ó sì padà dé lẹ́yìn ogún ọdún ó lé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù tó ga bí ilé ẹja. Ẹnu rẹ̀ dùn. Fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bá a sọ̀rọ̀, fóònù náà ń dá a lóhùn, bí ẹni pé ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. A rò pé bí àwọn olówó ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà tó ní òun fẹ́ ṣe olórí ìgbìmọ̀ ìlú, a dìbò fún un. Selina náà dìbò fún un.

Ní oṣù kẹta ọdún tí mo ń wí yìí, ó pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn. Inú ilé ìlú kan náà ni fèrèsé lẹ́tà wà. Garland fẹ́ gba yàrá yẹn kó fi kó ẹ̀rọ ìdárayá sí, irú èyí tó ní ojú bíi tẹlifíṣọ̀n níwájú, tí ènìyàn yóò máa wò bó ṣe ń sáré lójú kan. Àwọn ọ̀gá ìfìwéránṣẹ́ ní ìlú ńlá ti gbà fún un. Àpótí onírin ni wọn yóò tò sétí títì, kí oníkálùkù máa fi kọ́kọ́rọ́ ṣí tirẹ̀. Selina dìde. Ó ti kọ ohun tó fẹ́ sọ sínú ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kò tíì ka ìlà mẹ́rin tí Garland fi rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí Selina," ó ní, "ẹ dákun, ta ló ń kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí? Ẹlẹ́wọ̀n àti òkú ni. Ẹlẹ́wọ̀n ò sí láàárín wa. Ó wá ku àwọn òkú. Àbí ká kúkú gbé fèrèsé yín lọ sí itẹ́? Ẹ ó rí oníbàárà níbẹ̀ dáadáa."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní parọ́. Ó rí i pé ó dùn mọ́ wa, ó fi kún un.

"Ẹ̀yin gan-an ńkọ́, Àǹtí? Ta ní ń kọ̀wé sí yín?"

Selina lanu láti fèsì, ohùn ò jáde. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹnu ní lílà, ìwé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹnì kan nínú wa ti gbé fóònù sókè.

Fídíò náà kò ju ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, wọ́n ti fi orin sí i. Nígbà tó fi di ọjọ́ Àìkú, àwọn tí kò mọ apá ibi tí òkun wa wà láyé ti ń pè é ní Ìyá Lẹ́tà Òkú. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a máa lanu sílẹ̀ bí ó bá ń kọjá lọ, wọn a máa mi ìwé. Ní ìparí oṣù kẹrin, wọ́n já fèrèsé rẹ̀ lulẹ̀.

Láti ọjọ́ tí fídíò náà jáde ni Selina ti di ẹrú fóònù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n ń bú ló máa ń fẹ́ gbọ́ èébú náà tán. Bó bá ti jí, yóò jókòó ti tábìlì ìdáná, yóò sì máa ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ fídíò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ. Ó há àwọn kan sórí. Ẹnì kan ní ẹnu rẹ̀ jọ ti ẹja pánla tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sókè. Ẹlòmíràn ní ìyá òun náà rí báyìí kó tó ya wèrè. Tíì rẹ̀ yóò tutù, yóò pọn òmíràn, ìyẹn náà yóò tutù. Ó rù débi pé aṣọ rẹ̀ ń yọ̀ kúrò ní èjìká.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, ó po ìyẹ̀fun búrẹ́dì sínú páànù láti fi dín tóútọ̀n, búrẹ́dì díndín tiwa, ó sì tún gbé fóònù. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, páànù ti di èédú, èéfín ti gba ìdáná. Ó ṣílẹ̀kùn. Ó ní bí òun ṣe ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, Garland wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá, ó sì fun fèrè kí òun tìdùnnú-tìdùnnú. Kò rántí pé òun ṣẹ̀ ẹ́ rárá. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Selina wọlé, ó ju fóònù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹran oníyọ̀ ti tán nínú rẹ̀, ó dé e pa, ó gbé e lọ sínú ahéré igi ìdáná, ó sì gbé òkúta lé e lórí.

Ilé wá dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ìbéèrè Garland ti ń dún: *ta ní ń kọ̀wé sí yín?* Ó lọ tú àpótí tó wà lábẹ́ ibùsùn, ó sì rí ìdì lẹ́tà kan tó ti gbàgbé. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, olùkọ́ wọn pín orúkọ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jíjìnnà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa kọ̀wé síra wọn. Darka Melnyk ló bọ́ sí i lọ́wọ́, ọmọ àgbẹ̀ alálìkámà ní Saskatchewan. Ọdún méje ni wọ́n fi ṣe ọ̀rẹ́ orí ìwé láìfojú kan ara wọn, kí ìyàwó ṣíṣe tó gba àyè lẹ́tà.

Selina jókòó, ó kọ̀wé sí àdírẹ́sì oko bàbá Darka. "Darka, bí o bá ṣì wà láyé, èmi Selina ni, ẹni tó fi eyín ẹja ránṣẹ́ sí ọ, tí ìyá rẹ sọ nù." Ó ní ọwọ́ òun ro òun lẹ́yìn ojú ewé kan, ṣùgbọ́n pé oorun tí òun sùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, òun kò sun irú rẹ̀ láti oṣù kẹta.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, èsì dé. Ojú ewé mẹ́fà, tẹ̀yìn-tojú. "Mo wà láyé," Darka ló kọ ọ́, "ṣùgbọ́n orúnkún mi ti kú, mo ń dúró kí ìyókù tẹ̀ lé e. Ìyá mi kò sọ eyín ẹja yẹn nù o. Ó fi sínú àpò aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ní ó ń lé ibi. Selina, jókòó, sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ta ló ṣẹ̀ ọ́? Mo rí i nínú ìkọ̀wé rẹ pé ẹnì kan ṣẹ̀ ọ́. O tẹ bírò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jáde lẹ́yìn ìwé."

Báyìí ni lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò ní í kọjá kí Selina má rìn lọ síbi àpótí onírin tó kórìíra yẹn. Ara rẹ̀ padà. Ó tún ń jẹun. Nígbà tó yá, ó pe àwa mélòó kan sí ìdáná rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́rú. Ẹni tó bá wọlé yóò ju fóònù sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò mu tíì oní-mílíìkì agolo, yóò sì kọ lẹ́tà kan sí ẹnì kan tí kò rí rí. Darka ló ń fi orúkọ ránṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ orí ìwé rẹ̀ pọ̀ bí eṣú. A tó méjìlá. Èmi bá ọkùnrin kan ní Manitoba tó ń sin oyin pàdé. Mi ò mọ̀ pé mo ní nǹkan sọ fún ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Àwa rò pé ìsinmi ló ń wá. Ìsinmi ni fún wa. Ní ti Selina, ó ń pọ́n ọ̀bẹ.

Bàbá rẹ̀, Eli, ló jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú nígbà tí ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìgbìmọ̀, ìwé òfin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sì wà nílé. Láyé ìgbà yẹn, àwọn tó ń gbé ní erékùṣù kò lè wá sí ìpàdé bí òkun bá ru, lẹ́tà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má baà gbé lẹ́tà wọn pamọ́, òfin sọ pé gbogbo lẹ́tà tí a fi ọwọ́ kọ sí ìgbìmọ̀ ni olórí fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kà sókè, lójú gbogbo ìlú. Kò sẹ́ni tó fagi lé òfin náà. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́.

Selina kọ ọ́ sí Darka. Darka fèsì pé ẹ̀rín pa òun, ilé mì. "Ó ní òkú ló ń kọ lẹ́tà? A ó jẹ́ kó mọ̀ pé òkú pọ̀ ju alààyè lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti darúgbó, Selina, wọ́n ń wá ìjà."

Ní ìpàdé ìparí oṣù kẹfà, lẹ́tà mẹ́rin ti dé orí tábìlì. Akọ̀wé ìgbìmọ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bernice, mú èkíní, ó fẹ́ máa kà á. Selina na ìwé òfin bàbá rẹ̀ sókè.

"Kì í ṣe ìwọ, ọmọ mi. Òfin ní olórí ni."

Ọ́ńkù Hubert Pardy, tó dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀, yẹ òfin náà wò. "Òótọ́ ni, Garland. Ó wà níbí."

Garland fọwọ́ kan àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó fọwọ́ kan àpò. Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbàgbé awò ojú mi sílé. Bernice, bá wa kà á jàre."

Bernice kà wọ́n. Lẹ́tà tó dára ni wọ́n. Obìnrin kan kọ̀wé pé lẹ́tà ọkọ òun láti ojú ogun ni òun fi ń kọ́ ọmọ òun tí kò mọ bàbá rẹ̀. Ojú àwọn kan rọ̀. Bí Garland bá ti ní "ẹ má bínú" lọ́jọ́ yẹn, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Ó dára, a ti gbọ́ ti àwọn òkú." Ẹni méjì péré ló rẹ́rìn-ín.

Selina ń rìn lọ sílé, ó sì dúró lójijì lójú ọ̀nà, níwájú ilé mi. Mo wà lójú fèrèsé. Mo rò pé nǹkan ṣe é.

Ohun tó dá a dúró nìyí: Garland kì í lo awò. Garland tó ń rí ẹranko lódìkejì omi kí ẹnikẹ́ni tó rí i!

Nígbà tó dé ìdáná, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Bí Garland bá mú ẹrù wá síwájú fèrèsé, tí ìwé bá wà láti kọ ọ̀rọ̀ kún: "Àǹtí Selina, ẹ bá mi kọ ọ́, ọwọ́ mi dọ̀tí." Nígbà òtútù: "Ẹ bá mi kọ ọ́, ọwọ́ mi ti kú." Nígbà mìíràn: "Mo ń kánjú ni, Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n kọ dáadáa." Ó tún rántí fóònù tó ń ka nǹkan sétí rẹ̀, tí òun náà ń sọ ọ̀rọ̀ sí dípò kó tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun rẹ́rìn-ín nínú ìdáná yẹn títí omi fi bọ́ lójú òun.

"Mo ti rí ibi tí egungun wà," ó kọ ọ́ sí Darka lọ́jọ́ náà gan-an. "Kò mọ̀wé kà. Ọkùnrin tó fi lẹ́tà mi ṣe yẹ̀yẹ́ kò lè ka lẹ́tà. Lóṣù kẹwàá, màá jẹ́ kí gbogbo ìlú mọ̀."

Ó fi èsì Darka hàn mí lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ojú ewé kan péré ni.

"Selina, bàbá mi kò mọ̀wé. Èmi ni mo ń tẹ̀ lé e lọ sí báńkì láti ọmọ ọdún mẹ́jọ, kí n lè sọ ohun tó wà nínú ìwé fún un ní etí. Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé báńkì ní kó kà á sókè fúnra rẹ̀. Mo rí ojú bàbá mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́ láyé. Bá ọmọkùnrin yẹn jà lórí fèrèsé rẹ, àwọn ọ̀rẹ́ mi yóò kọ lẹ́tà tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe fi èyí bá a jà. Bí o bá ṣe é, má kọ̀wé sí mi mọ́."

Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Selina ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi sábẹ́ ìkòkò ṣúgà. Kò fèsì.

Ìgbìmọ̀ kì í jókòó ní ìgbà ẹja. Gbogbo oṣù keje, oṣù kẹjọ, nígbà tí àwa wà nínú irà tí a ń já èso kéékèèké tó ń hù níbẹ̀, tí a fi ń ṣe jáàmù, Selina ń já tirẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó ń kí Garland bí wọ́n bá pàdé. Ó tilẹ̀ fún un ní ìgò jáàmù kan. "Ẹ ṣeun, Àǹtí mi," Garland wí, "mo mọ̀ pé ẹ ti dárí jì mí." Selina ní, "Jẹ ẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná."

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìpàdé oṣù kẹwàá, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ilé oògùn ní ìlú tó kángun sí wa, ó sì ra awò ojú méje, láti èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní agbára rárá dé èyí tó nípọn bí ìsàlẹ̀ ìgò.

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ náà, nítorí ìròyìn ti lọ pé lẹ́tà pọ̀. Mẹ́tàlélógún ni. Bernice to wọ́n síwájú Garland. Garland tún fọwọ́ kan àyà, ó ní, "Ẹ wò ó, mo tún ti..."

"Ẹ má ṣèyọnu," Selina wí. Ó rìn síwájú, ó sì da awò méjèèje sórí tábìlì. "Olórí wa gbàgbé awò lóṣù kẹfà. Mi ò fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ẹ yan èyí tó bá ojú yín mu, olórí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Garland náà rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ̀yin yìí, ẹ ò ní pa mí." Ṣùgbọ́n mo rí i tí ọrùn rẹ̀ ń pọ́n. Ó mú aláwọ̀ dúdú kan, ó fi sójú. Selina mú lẹ́tà tó wà lókè pátápátá, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí."

Garland yọ ìwé jáde, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀.

"Ó ní... 'Sí olórí ìlú ọ̀wọ́n. Inú mi dùn láti kọ̀wé sí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo gbọ́ pé ìlú yín rẹwà, pé ẹ ti tún ọ̀nà èbúté ṣe. Èmi náà ní àwọn òbí àgbà tó fẹ́ràn lẹ́tà...'"

Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ojú rẹ̀ ń lọ láti òsì sí ọ̀tún bí ti ẹni tó ń kàwé. Àwọn kan ń mi orí. Ó kà á bẹ́ẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan, ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú "èmi ni tiyín ní tòótọ́."

"Ṣé ó parí?" Selina bi í.

"Ó parí."

"Ọ́ńkù Hubert, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa tún un kà."

Ọ́ńkù Hubert gba ìwé náà. Ó wò ó níwájú, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn. "Selina, kí lèyí?"

"Ẹ kà á sókè."

"Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀." Ohùn bàbá náà lọ sílẹ̀. "'Èmi ni. Selina.' Kò sí nǹkan mìíràn."

Gbogbo wa dákẹ́. Irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, etí èbúté ni a ti máa ń gbọ́ ọ, nígbà tí ọkọ̀ ẹnì kan bá pẹ́ lórí omi. Garland yọ awò náà. Ó ká apá awò ọ̀hún méjèèjì pọ̀, ó sì gbé e padà sáàárín àwọn yòókù jẹ́jẹ́.

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, Àǹtí," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù kẹfà."

"Ẹ ò bá ti wá bá mi nílé."

"Ìwọ náà ò bá ti wá bá mi nílé lóṣù kẹta."

Mo rò pé ó tó báyìí. Gbogbo wa ló rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Selina nawọ́, ó ti ìdì lẹ́tà náà sún mọ́ ọn. "Ó ku méjìlélógún," ó wí. "Máa kà."

"Selina!" Àǹtí Effie ti dìde lẹ́yìn. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, ọ̀pá ló fi ń rìn, a sì yà fún un. Ó rìn títí dé iwájú, ó mú ọmọ rẹ̀ lápá bí ẹni mú ọmọ kékeré ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, àwọn méjèèjì sì jáde. Bí wọ́n ti ń lọ, mo ka fóònù mẹ́sàn-án tó wà lókè. Selina rí wọn. Kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé e sílẹ̀.

Ó jókòó sórí àga olórí, ó sì ka lẹ́tà méjìlélógún náà fúnra rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn tó mọ́ gaara. Kó tó ka ìkẹyìn, àwa tó kù kò pé mẹ́wàá.

Fídíò Garland rìn jìnnà ju ti Selina lọ. Oṣù kọkànlá kò tíì parí tó fi kọ ìwé ìfipòsílẹ̀. Bernice ló bá a kọ ọ́. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, ó padà sí Alberta. Fèrèsé lẹ́tà kò padà. Àwọn ọ̀gá ìlú ńlá ní ọ̀rọ̀ ti tán lórí rẹ̀, àpótí onírin sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní ọjọ́rú, àwa tó ń wá sí ìdáná Selina dín sí mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Wọn kàn ní iṣẹ́ láti ṣe.

Ní oṣù kìíní, Àǹtí Effie bá a níbi àpótí onírin, yìnyín ń bọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò kí i.

"Olùkọ́ wọn máa ń fi aṣọ bo Garland lójú níwájú kíláàsì," Effie wí, bí ẹni tó ń bá ìjíròrò kan lọ. "Ó ní bí kò bá lè kàwé, kí ló fẹ́ fi ojú ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi sá lọ sí Alberta. Mo rò pé ó yẹ kí o mọ̀."

"Ó fi mí ṣẹ̀sín, Àǹtí Effie. Lójú gbogbo yín. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ rẹ́rìn-ín."

"Mo rẹ́rìn-ín," Effie wí, ó sì ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà nínú yìnyín lọ sílé.

Selina kò fi nǹkan kan pamọ́ fún Darka. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sí i, láti orí awò méje dé orí "máa kà." Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì ṣe àwáwí. Darka kò fèsì. Ó kọ òmíràn nígbà Kérésì, ó kọ òmíràn lóṣù kejì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún Àjíǹde dé, ẹrù kan wá láti Saskatchewan. Gbogbo lẹ́tà tí Selina ti kọ sí i láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi okùn oko dì wọ́n. Méjì tó kẹ́yìn, wọn kò ṣí wọn. Kò sí ìwé kankan tí Darka fi sí i.

Mo bi í léèrè lóṣù tó kọjá, àwa méjèèjì nìkan wà nínú ìdáná, bóyá ó kábàámọ̀. Ó ń fi ìyẹ̀fun dín tóútọ̀n, kò gbójú sókè.

"Rárá," ó ní. "Bí mo bá rántí bí ọrùn Garland ṣe ń pọ́n, oúnjẹ a máa dùn lẹ́nu mi. Mi ò ní tàn ọ́ jẹ." Ó yí èyí tó wà nínú páànù padà. "Ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ bó ṣe dùn tó fún ẹnì kan ni ó máa ń ká mi lára, torí Darka ni ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún."

Ó ti ní ọ̀rẹ́ orí ìwé mìíràn báyìí, ọkùnrin kan ní Maine tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi kékeré sínú ìgò. Lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ni wọ́n ń kọ̀wé síra wọn. Ó bá a sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ tó kú, ti orúnkún, ti ẹja tó ń ṣọ̀wọ́n. Ọkùnrin náà bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló gbé e dé ìdí lẹ́tà kíkọ ní ọjọ́ orí yìí. Ó fèsì pé fóònù ló sú òun.